Ọjọ́ tí Wọ́n Gbé Abena La Odò Kọjá

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé, "Ràmátù, Gánà ńkọ́?" Èmi náà á sì dáhùn pé, "Ó dáa," bí ẹni tí wọ́n bi bí ọjà ṣe rí. Ìdáhùn yẹn kò tó. Ẹni tó jẹ oúnjẹ onílùú, tó sùn sínú ilé wọn, tí wọ́n sì gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé èjìká nínú omi, kò yẹ kó fi "ó dáa" nìkan sọ ọ́. Mo jókòó báyìí kí n lè rò ó bó ṣe rí gan-an. Orúkọ abúlé náà nìkan ni n kò ní dá, nítorí wọn ò rán mi pé kí n máa ròyìn wọn kiri.

Santasi

Ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí agboolé tí èèyàn kan kò ti Gánà bọ̀ rí. Nítorí náà, mo ti mọ orúkọ Kumasi kí n tó mọ ọ̀nà Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìtàn òwò ni gbogbo ohun tí mo gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi bí ó ti ń rí tí èèyàn bá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà níbẹ̀.

Kejetia, ọjà àti ibùdókọ̀ ńlá Kumasi, ló kọ́kọ́ gbà mí lálejò. Èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Kò dá mi lóhùn. Mo tún béèrè. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Káàárọ̀." Ìgbà yẹn ni ojú tì mí. Mo ti rò pé àwa nìkan ni Ọlọ́run fún ní ìkíni láyé yìí. Nígbà tí mo kí i tán, ó dìde, ó gbé àpò mi lé orí ara rẹ̀, ó fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀, ó sì mú mi dé ìdí ọkọ̀ tó ń lọ sí Santasi. Kò dúró gba ọpẹ́.

Santasi ni Màmá Ṣìfá ń gbé, ọmọ àbúrò bàbá mi àgbà. Kumasi ni wọ́n bí i sí, kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí, síbẹ̀ bó bá ń kí oríkì ilé wa, ẹ ó rò pé àná ló kúrò níbẹ̀. Abọ́ tánganran àti ike ló ń tà ní ọjà Race Course. Yorùbá rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ìdajì ọ̀rọ̀, Twi á já wọ inú rẹ̀.

"Ràmátù, o ti jẹun, anaa?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Ojú ẹ ti gbẹ paa. Jókòó."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé "àbí" tiwa ni "anaa" yẹn, àti pé "gan-an" ni "paa." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà títí ilé ẹ̀kọ́ wa fi ní ó tó àkókò tí a ó lọ gbé ní abúlé, kí á máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú wọn, kí ojú wa lè rí bí àìsàn ṣe ń rí níbi tí dókítà kò sí.

Màmá Ṣìfá kò fara mọ́ ọn. "Ọmọ tí wọ́n rán wá kọ́ṣẹ́ dókítà ni ẹ fẹ́ rán lọ sínú igbó kòkó?" Ṣùgbọ́n ó dín ata dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣító sínú ìgò ńlá fún mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Tò, Allah ya kiyaye." Kí Ọlọ́run ṣọ́ mi.

Àpótí onítáyà

Abena, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà bíi tèmi, ni wọ́n yàn mọ́ mi. Kumasi ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Kejetia, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lágbo oníṣòwò aṣọ. Inú mi dùn. Mo ní, ọmọ onílẹ̀ ni mo bá lọ yìí, èmi ni àlejò, òun ni yóò máa ṣọ̀nà fún mi.

Ọkọ̀ já wa sí etí odò. Afárá pákó tó wà níbẹ̀, òjò ti gbé e lọ. Àwọn ará abúlé ti wá ibi tí omi kò ti jìn púpọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń là kọjá tàwọn tẹrù. Èmi ká aṣọ mi sókè, mo gbé ẹrù mi lérí. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Abena ṣì dúró sí bèbè, ó di àpótí onítáyà mú bí ẹni tó ń retí bààlúù.

"Afárá dà?" ló bi mí.

"Ẹsẹ̀ wa ni afárá."

Àwọn obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan gba àpótí náà, ó gbé e lérí, táyà kọjú sójú ọ̀run. Báyìí ni a ṣe wọ abúlé.

Ọ̀dọ̀ Nana ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ. Òun ni ìyá àgbà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú. Irun rẹ̀ funfun, wọ́n gé e kúrú mọ́ orí. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí mi. Mo ní ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ó ní, "Afia ni ọ́ nígbà náà." Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún béèrè Ràmátù. Àwọn mìíràn a máa fi Alata kún un, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Afia Alata. Mo jẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé àti iṣẹ́

Yàrá tí wọ́n fún wa wà lẹ́yìn ilé tí oníkòkó kan ń kó ẹrù sí nígbà kan rí. Òórùn kòkó kò kúrò lára ògiri. Ibùsùn kan ṣoṣo ni fún àwa méjèèjì. Àdán wà lókè àjà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a máa jáde bí ọmọ ilé kéwú tí wọ́n tú sílẹ̀. Pánù ni wọ́n fi yí balùwẹ̀ ká, kò ní òrùlé, ẹni tó bá ń wẹ̀ tí òjò dé, ìyẹn ti rí omi kún omi. Kànga ni a ti ń fa omi. Iná mànàmáná a máa wá bí àlejò tí a kò pè, kí á tó kí i tán, ó ti lọ.

Yàrá méjì ni ilé ìtọ́jú. Àǹtí Gíréèsì, agbẹ̀bí, ló ń bójú tó o. Òun ni agbẹ̀bí, òun ni nọ́ọ̀sì, òun náà ló ń gbálẹ̀. Dókítà kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. A máa ń so ìwọ̀n mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, a ó gbé àwọn ọmọ ọwọ́ kọ́ sínú rẹ̀, wọn a sì máa ké gbogbo abúlé jí, pàápàá àwọn ìbejì obìnrin kan tó ń jẹ́ Akua. A ń di ojú ọgbẹ́ àdá. A ń gbé àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára lérí lọ sí àwọn abà tó wà nínú oko kòkó, nítorí alùpùpù ilé ìtọ́jú ti kú, kò sì sí ẹni tó ń jí i dìde. Bí ìbọ̀wọ́ bá ti ń lọ sópin, Àǹtí Gíréèsì á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ti aláboyún ni.

Wọ́n ń pè wá ní dókítà. Mo sọ fún bàbá kan pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Ó ronú sí i, ó sì sọ ohun kan tó mú Abena rẹ́rìn-ín. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní bó o ò bá tíì mọ̀ ọ́n, kí lo wá fi ọwọ́ tútù rẹ kan òun láyà fún?"

Oúnjẹ wọn dùn, bí ojú bá ti lè mọ́ ọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gún pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé òkèlè sínú àwo tirẹ̀ bíi tiwa. Ọbẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wẹ odò, kìkì orí rẹ̀ ló ń yọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo béèrè àwo mìíràn kí n lè yà wọ́n. Ìyá tó gbé e fún wa wò mí bí ẹni tó fẹ́ tú ìgbéyàwó ká.

Ní ti Abena, nǹkan kò rọrùn fún un. Kò fa omi kànga rí. Kò gún odó rí. Ó máa ń sunkún nínú balùwẹ̀, ó rò pé n kò gbọ́. Ó ní lọ́jọ́ kan, "Afia, ìwọ ni wọ́n bí síbí. Èmi ni àlejò." Ṣùgbọ́n tó bá di ibi iṣẹ́, mi ò rí ẹni tó dà bíi rẹ̀. Arúgbó á máa sọ ìtàn ìyá ìyá rẹ̀ kó tó dé orí orúnkún tó ń dùn ún, Abena á jókòó tì í, kò ní já ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láìsí òun, odi ni mí níbẹ̀.

Ẹnì kan péré ni mo lè bá sọ Yorùbá, Bàbá Láminù, tó ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti bátìrì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba lé àwọn àjèjì ní ọjọ́sí, bàbá náà lọ, òun dúró ti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ abúlé yẹn. "Yorùbá mi ti dípẹtà," ló máa ń wí, "ṣùgbọ́n ó ṣì ń gé nǹkan díẹ̀díẹ̀."

Ọjọ́bọ̀

Ní abúlé yẹn, ilẹ̀ ń sinmi ní Ọjọ́bọ̀, odò náà sì ń sinmi. Ọkọ́ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ odò. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ni ilé ìtọ́jú máa ń kún jù, torí gbogbo èèyàn ló wà nílé.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú Abena. Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò fi hàn pé ibà ni, a sì fún un lóògùn. Ó bì í. A tún fún un, ó tún bì í. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, mo gbé omi síwájú rẹ̀, ó wò mí, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kó má tíì ti ìsọ̀ o, òun ń bọ̀.

Àǹtí Gíréèsì fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ibà yìí ti ń wọ orí. Abẹ́rẹ́ ló nílò."

"Ẹ jẹ́ ká fún un."

"Ó ti tán, Afia. Mo ti ránṣẹ́ títí, wọn ò gbé e wá. Ọsíbítù ló gbọ́dọ̀ lọ, lónìí."

Mo mọ ohun tí kò sọ. Òdìkejì odò ni ọkọ̀ wà.

Mo sá lọ bá Bàbá Láminù. N kò rántí bóyá mo kí i.

"Lónìí?" ló wí. "Ọmọ, Ọjọ́bọ̀ mà ni!"

"Bàbá, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀."

Ó ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Ó gun orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí fóònù ti ń gbọ́ ohùn, ó pe onítakísí kan pé kó wá dúró ní òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì àti Àǹtí Gíréèsì forí lé ọ̀dọ̀ Nana.

Nana jókòó lábẹ́ ìbòòji, àwọn ọkùnrin ń ta ayò nítòsí rẹ̀. Bí Àǹtí Gíréèsì ṣe sọ̀rọ̀ tán, ọmọ ayò dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí á ní sùúrù di àárọ̀ ọ̀la. Òmíràn ní àwọn tó ti wọ odò náà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ rí, ojú wọn rí nǹkan. Wọn ò fi ìkà sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mo sì rí i pé ara wọn ò balẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń sọ. Àǹtí Gíréèsì ní ọ̀la jìn.

Nana bi wọ́n pé, "Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Kumasi ni."

"Mo ní, ọmọ ta ni?"

Bàbá Láminù ti ń túmọ̀ sí mi létí. N kò mọ ohun tó ki mí láyà. Mo fi ìwọ̀nba Twi tí mo gbọ́ dá a lóhùn, níwájú gbogbo wọn: "Ɔyɛ me nua." Ìyẹn ni pé, àbúrò mi ni.

Nana wò mí. Ó wò mí pẹ́. Alata ni mí, èèyàn Asante ni Abena, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

"Odò yẹn náà bímọ," ló wí. "Ẹ gbé e kọjá. Èmi ni n óò bá a sọ ọ́."

Kò sí ẹni tó tún jiyàn. Wọ́n yọ ìlẹ̀kùn yàrá wa, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ Abena sí i. Àwọn tó ń ta ayò ló gbé e. Nígbà tí a dé bèbè, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fa aṣọ kúrò léjìká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níwájú ọba, wọ́n sì wọ inú omi. Òjò ti mú kó kún dé àyà. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, mo di ẹsẹ̀ Abena mú, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Mò ń sọ gbogbo súrà tí mo mọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Nana dúró sí etí omi, ó tẹríba díẹ̀, ó ń bá odò náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bẹ aládùúgbò rẹ̀.

Mo bi Bàbá Láminù lẹ́yìn náà pé kí ni Nana wí. Ó ní kò yé òun náà, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni.

Lórí bẹ́ǹṣì ọsíbítù

Onítakísí ti ń dúró. Kumasi ló gbé wa lọ. Wọ́n rí abẹ́rẹ́, wọ́n sì fún un. Mo fi fóònù pe ìyá Abena àti Màmá Ṣìfá, mo sì jókòó, mo ń fún omi odò kúrò létí aṣọ mi.

Ìyá Abena wọlé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ wúrà lọ́rùn, bó ṣe ti ìsọ̀ rẹ̀ jáde. Ó rí mi.

"Ìwọ ni Alata tí ń bá ọmọ mi gbé? Irú omi wo lẹ ń mu? Irú ilé wo nìyẹn? Ọmọ tí mo fi àdúrà bí!"

Mo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn, mo kúnlẹ̀ lójú. Màmá Ṣìfá tó ti gbé oúnjẹ wá láti Santasi ló dá a lóhùn, Twi wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè orí mi bí òkò. Nọ́ọ̀sì lé àwọn méjèèjì jáde. Nígbà tí mo yọjú sí wọn, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ṣító láti inú abọ́ kan.

A ṣọ́ Abena títí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó pè mí, kò tún fi mí pe ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Afia, ṣé ẹnì kan ti wọn àwọn ìbejì Akua?" Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ní ó lè parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsíbítù Kumasi. Ìyá rẹ̀ ní ohun tó dáa nìyẹn, kò sí ohun tó máa mú ọmọ òun tún rí abúlé yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra òun yóò lọ dúpẹ́, yóò sì kó ẹrù ọmọ rẹ̀ bọ̀. Abena ní òun náà ń lọ. Nígbà tí agbára rẹ̀ padà dáadáa, àwa mẹ́ta jọ lọ.

Níwájú Nana

Ìyá Abena fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ la odò náà, ó ká aṣọ olówó iyebíye rẹ̀ dé orúnkún, ó ń kùn.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ tó jọ mí lójú. Bí àlejò bá dé, wọn kì í bi í ní nǹkankan títí yóò fi jókòó, tí yóò fi mu omi. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ fún un pé àlàáfíà ló wà nílé, lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó wá béèrè ohun tó gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa. Nana ní níhìn-ín, ara balẹ̀; ẹ̀yin lẹ wà lórí ìrìn.

Ìyá Abena bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń kún Kejetia, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tó ń wí. Ó ní òun wá dúpẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé ó yẹ kí wọ́n fi àgùntàn tu odò nínú, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni òun, òun ò mọ bí òun ṣe lè ṣe é.

"Odò ò bi mí ní nǹkankan," ni Nana wí. "Àwọn tó gbé e ni òtútù mú."

Aṣọ ló kó wá. Ó pín in fún àwọn ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú ẹni tó ń fún. Lẹ́yìn náà, ó ní òun tún wá kó ẹrù ọmọ òun.

Nana mi orí. Ó kọjú sí Abena. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló gbé ọ wá?"

Abena ṣì rù, aṣọ ń fì lára rẹ̀. Ó ní, "Nana, iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Ìyá rẹ̀ yíjú pẹ̀ẹ́. Mo rò pé yóò pariwo. Ó wo ọmọ náà, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó ní kí wọ́n fi yàrá ibi tí ọmọ òun ń sùn han òun.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wo àjà. Ó ká gèlè rẹ̀ kúrò lórí, ó béèrè ìgbálẹ̀, ó gbá gbogbo ìgbẹ́ àdán jáde. Ó rán mi sí Bàbá Láminù pé kí n gba ìṣó àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó tóbi jù wá. Ó gun orí àga, ó fi òkúta kan ìṣó mọ́ igi àjà. Ó ń kan án, ó ń bú ẹ̀fọn; ó ń bú ilé ẹ̀kọ́ wa, ó bú odò, ó sì rántí bú èmi náà. Mo di àga mú.

Nígbà tí nẹ́ẹ̀tì balẹ̀ yí ibùsùn ká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́, ó wo àwa méjèèjì.

"Ebi ń pa mí," ló wí. "Kí lẹ máa ń jẹ níbí?"